Ìbọn Lórí Tábìlì Irinṣẹ́

"Fa èémí sínú. Dá a dúró díẹ̀. Má fi ìwàǹwára fà á! Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ máńgòrò wò bóyá ó ti rọ̀."

Ẹ̀yìn Moráyọ̀ ni Uncle Teslim dúró sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí alága ìpàdé. Moráyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìbọn náà dún pá, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ọmọrí agolo mílíìkì. Ní òdì kejì gbọ̀ngàn, ihò kékeré kan yọ ní àárín bébà tí wọ́n fi ń ṣe àmì.

"Ẹ wò ó, ọmọ yìí ò tiẹ̀ láàánú bébà," ni Mujeebat wí láti orí àga tó jókòó sí. Ọmọ Uncle Teslim ni, òun àti Moráyọ̀ sì jọ ń kọ́ ìbọn títa ni. "Wallahi, kí bébà yẹn pe lọ́yà."

Moráyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì rọra gbé ìbọn náà lé orí tábìlì, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Ìbọn ìléwọ́ ni, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta rẹ̀ jáde, ọta ọ̀hún kò sì tó hóró ẹ̀wà. Bébà àti agolo ni wọ́n ń ta níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìbọn ṣeré ti ń pàdé ní Thamesmead East, ní London, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó rọ ìbọn náà ti rọ ọ́ kó jọ ti sójà: ó dúdú, ó wúwo, ó ń dán. Bí o bá rí i lókèèrè, o kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ń gbẹ̀mí. Daddy Moráyọ̀ ló ni í. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni Moráyọ̀. Òfin kò gbà á láyè láti gbé e jáde sí ìgboro àfi lójú àgbà.

Uncle Teslim bọ́ awò ojú rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kiri ìlú ló ń wà lọ́sàn-án, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní ìbọn títa.

"Moráyọ̀, a ti jókòó, a ti sọ ọ́. Ìwọ ni wàá ta fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìdíje oṣù tó ń bọ̀."

Moráyọ̀ fò sókè. Mujeebat fi ọwọ́ gbá tábìlì bí ìlù.

"Ẹ dákẹ́ ná, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán," ni Uncle Teslim wí. "Ìbọn yìí lọ́nà tó ń tọ̀. Láti inú kọ́bọ́ọ̀dù Daddy ẹ sínú àpótí ẹ̀, láti inú àpótí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Daddy ẹ, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ibí. Ọjọ́ tó bá gba ọ̀nà mìíràn, ọjọ́ náà ni o kúrò nínú ìdíje. N kò ní bẹ̀ ọ́, o kò sì ní bẹ̀ mí."

"Àh, Uncle, ìbọn tí kò lè pa ẹyẹlé!"

"Ṣé o rí i?" Uncle Teslim gbé ìka sókè. "Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun? Ìwọ lo mọ̀ pé kò lè pa ẹyẹlé. Ẹni tó rí i kò mọ̀."

Moráyọ̀ ní, "Mo ti gbọ́, sà." Etí rẹ̀ ló gbọ́ o. Ọkàn rẹ̀ ti wà níbi ìdíje.

Nígbà tó dé ilé wọn ní South Thamesmead, Mummy ń palẹ̀ mọ́ láti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bó ṣe gbọ́ ìròyìn náà, ó ju báàgì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ tí í dákẹ́ kó tó ta!
Ọmọ a-rí-ẹran-má-sáré,
Ọmọ a-wo-ẹ̀yìn-igi kó tó fa ọrun.
Ọmọ onísùúrù tí í jẹ ẹran tó sanra,
Àwẹ̀ró mi, ọwọ́ rẹ kò ní yẹ̀!"

Orí Moráyọ̀ wú. Bàbá Daddy rẹ̀ jẹ́ ọdẹ ní Ìlá kó tó kú, oríkì ilé wọn ni Mummy sì fi ń jí i láti kékeré. Inú bíbí nìkan ni kì í jẹ́ kí Mummy pe oríkì náà.

Ní Sọ́ńdè, Pastor Japheth kéde pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Sọ́ńdè Irinṣẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó wà ní òkè ilé ìtajà kan ní Woolwich. Kálukú a gbé ohun tó fi ń jẹun wá, wọn a tò ó sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, Pastor a sì ta òróró sí i pẹ̀lú àdúrà. Àwọn awakọ̀ a kó kọ́kọ́rọ́ wá, àwọn nọ́ọ̀sì a kó ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà wá, onígbàjámọ̀ a gbé ẹ̀rọ ìgẹ̀run rẹ̀. Àwọn tó ń lọ ṣe ìdánwò a mú bírò.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ. Jayden, tó ga tó sì lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ, kọjú sí Moráyọ̀.

"Kí ni ìwọ máa mú wá? Ṣíbí?"

"Ìbọn," ni Moráyọ̀ wí. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ kó tó rò ó.

Ẹ̀rín bú. "Ìbọn olómi?"

"Ìbọn afẹ́fẹ́. Èmi ni mò ń lọ ta fún ẹgbẹ́ wa ní ìdíje."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún ẹyẹlé ní Woolwich Arsenal station? Bruv, ẹyẹlé kan ṣoṣo ló gba chips lọ́wọ́ ẹ, mo wà níbẹ̀!" Jayden ṣe bí ẹyẹlé, ó sì lé Moráyọ̀ yí àga ká. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. "Mú un wá ká rí i. Bí o ò bá mú un wá, irọ́ ni."

Moráyọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó bá Daddy nídìí oúnjẹ. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé ìbọn lọ sí Sọ́ńdè Irinṣẹ́? Kí Pastor bá mi gbàdúrà sí i."

"Rárá." Daddy kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹja. "Bàbá mi, ọdẹ paraku ni. Bó bá ń ti oko bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń fi ìbọn kọ́ sí kó tó wọlé, kó tó wẹ̀, kó tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ní ìbọn kì í bá ènìyàn jókòó. Ìka rẹ ni irinṣẹ́ rẹ, Moráyọ̀. Gbé ìka lọ. Ọlọ́run mọ ohun tó ń tẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, bí ọmọ bá gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ẹyẹlé Jayden kò kúrò létí Moráyọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, ṣé kì í ṣe àdúrà ni? Ṣé ibi burúkú ni ṣọ́ọ̀ṣì? Ó fi àdúrà bo fáàrí mọ́lẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ kò fi rí fáàrí náà mọ́.

Nígbà tí Sọ́ńdè dé, Mummy ti lọ láàárọ̀ láti bá wọn tẹ́ tábìlì. Daddy, tó ń wa bọ́ọ̀sì lóru, ti sùn lọ fọnfọn. Inú yàrá ìjókòó ni kọ́bọ́ọ̀dù onírin náà wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ Bíbélì ńlá tó wà lórí pẹpẹ. Daddy ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ olè kì í dé ibẹ̀.

Moráyọ̀ dúró níwájú Bíbélì náà fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e sókè. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì rọra dá Bíbélì padà, ó tún un tò kó gún régé, bí ẹni pé títọ́ rẹ̀ yóò tún ohun tó ṣe ṣe.

Àpótí ìbọn náà tóbi, ó sì máa pariwo. Ó fi í sílẹ̀. Ó fi ìborùn Mummy aláwọ̀ búlúù wé ìbọn náà, ó tì í sínú báàgì tí wọ́n fi ń ra ọjà, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó di báàgì náà mọ́ àyà. Ìyá kan tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Oúnjẹ gbígbóná?" Moráyọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Jayden ń dúró lẹ́yìn ilé tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Jákẹ́ẹ̀tì pupa tuntun ló wọ̀.

"Ó dà?"

Moráyọ̀ tú ìborùn náà. Ẹnu Jayden là sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rín ẹyẹlé mọ́.

"Jẹ́ kí n mú un wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Please."

Inú Moráyọ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fún un. Jayden wò ó síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, lójijì ó na ọwọ́, ó dojú ìbọn náà kọ pálí ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dijú kan.

"Gbé e wálẹ̀! Jayden, gbé e wálẹ̀!" Moráyọ̀ já a gbà, ó fi ìborùn wé e kíákíá. Lókè, ní fèrèsé ilé tó kọjú sí wọn, kọ́tìnì kan mira. Moráyọ̀ rí i. Ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ẹrù aláwọ̀ búlúù náà sí àárín kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìgẹ̀run. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run, ohùn wọn sì gba ilé kan.

Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọlọ́pàá wọlé pẹ̀lú ìbọn gidi lọ́wọ́. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn.

"Ọlọ́pàá nìyí! Kí gbogbo ènìyàn gbé ọwọ́ sókè!"

Ó sọ ọ́ tán ló tó rí i pé gbogbo ọwọ́ ti wà lókè. Ó dúró, kò mọ ohun tó kàn.

Pastor Japheth kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. "Ẹ̀yin ará, ọwọ́ yín ti wà níbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mira." Orin dákẹ́. Màmá àgbà kan tí kò gbọ́ràn dáadáa ṣì ń kọ halelúyà lọ ní tirẹ̀ títí Mummy Moráyọ̀ fi fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Ẹnìkan pè wá," ni ọlọ́pàá obìnrin náà wí. "Ó rí ọmọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Ó ní ọmọ náà na ìbọn lẹ́yìn ilé yìí."

Kò sí jákẹ́ẹ̀tì pupa mìíràn nínú ilé náà. Ojú gbogbo àwọn ọlọ́pàá yí sí Jayden, ẹnu ìbọn wọn sì tẹ̀lé ojú wọn.

"Jayden!" Ohùn ìyá rẹ̀ ya. "Jésù! Ọmọ mi ò níbọn o!"

"Kúnlẹ̀. Má sọ ọwọ́ kalẹ̀. Rọra."

Jayden kúnlẹ̀. Ọmọkùnrin tó lẹ́nu jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn ń wo Moráyọ̀.

Moráyọ̀ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tú aṣọ búlúù náà. Ó rí ìdíje. Ó rí Uncle Teslim tó gbé ìka sókè, ó rí Daddy tó ń sùn. Ó tún wo Jayden tó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni òwe Uncle Teslim ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìbọn tí kò lè pa ẹyẹlé ló pe gbogbo ìbọn wọ̀nyí wá, ẹlòmíràn ni wọ́n sì kọjú sí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, eérú ti ṣì í, ó ń lọ sójú ẹni ẹlẹ́ni.

"Kì í ṣe tirẹ̀!" Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Èmi ni. Èmi ni mo gbé e wá, èmi ni mo fún un mú. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, kò sí ọta nínú rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì yẹn, nínú aṣọ búlúù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìbọn sí i mọ́."

Ọlọ́pàá kan lọ síbi tábìlì, ó tú ìborùn náà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti bírò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mi orí sí ọ̀gá rẹ̀ pé òótọ́ ni. Ẹnu ìbọn wálẹ̀. Ìjọ mí kanlẹ̀.

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, Mummy jókòó ti Moráyọ̀. Kò nà án, kò bú u. Ohun tó wí kò ju, "Moráyọ̀. Ìborùn mi." Kò pè é ní Àwẹ̀ró. Èyí ló jẹ́ kí omi bọ́ lójú Moráyọ̀.

Daddy dé pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin náà ṣàlàyé fún un. Òfin kò gba kí ènìyàn gbé ohun tó jọ ìbọn gidi rìn láàárín ìlú láìnídìí, òfin sì ní kí àgbà tọ́jú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà, sà?"

Daddy wo ilẹ̀. "Lábẹ́ Bíbélì. Mo rò pé kò sẹ́ni tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀."

"Èmi ni mo gbé e, Daddy. Ẹ má bínú."

"Ìwọ ṣẹ̀, èmi náà ṣẹ̀," ni Daddy wí. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àmọ́ èmi gbàgbé pé ọmọ mi ti dàgbà."

Àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn náà lọ, kò sì padà wá mọ́. Wọ́n bi Jayden léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún Moráyọ̀, wọ́n sì ní kó máa wá rí òṣìṣẹ́ kan tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn. Ní ìta, Jayden ń dúró dè é, ó ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì pupa náà, ó ká a mọ́ abẹ́ apá.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò ṣí," ló wí. "Ìwọ náà ì bá ti dákẹ́."

"Mo rò ó," ni Moráyọ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ò ń wò mí."

Ní Ọjọ́bọ̀, kò dúró kí Daddy bá òun rojọ́. Ó lọ bá Uncle Teslim fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mujeebat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Nínú ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ fún ọ," ni Uncle Teslim bi í, "èwo ni bọ́ọ̀sì?"

"Kò sí nínú wọn, sà," ni Moráyọ̀ wí.

"Ìdíje ti lọ nìyẹn. Di ọdún tó ń bọ̀, o kò ní fọwọ́ kan ìbọn níbí." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ṣùgbọ́n ká ní o jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹrù rẹ ni, ǹ bá ti ní kó o má wọ inú gbọ̀ngàn yìí mọ́ láé. O sọ òtítọ́ nígbà tó korò. Nítorí náà, mo ti ilẹ̀kùn, àmọ́ n kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Dìde."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Pastor Japheth pe Moráyọ̀ síwájú. Ó di ìka ìtọ́ka rẹ̀ mú, ó ta òróró sí i. "Olúwa," ló wí, "irinṣẹ́ ọmọ yìí nìyí. Kọ́ ọ ní ìgbà tí yóò tẹ̀ àti ìgbà tí yóò dúró." Daddy, tí kò sùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà lọ́rùn rẹ̀ nínú okùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, Mujeebat ló ta ní ipò Moráyọ̀. Iṣẹ́ Moráyọ̀ ni láti máa pààrọ̀ bébà àmì, kó máa kó èyí tó ti lu wá. Ó dùn ún o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbé bébà tuntun kọ́, ìka rẹ̀ a máa yún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí Mujeebat fẹ́ fi ìwàǹwára fà á, ó sún mọ́ ọn.

"Máńgòrò," ló wí sí i létí. "Kò tíì rọ̀. Rọra."

Mujeebat rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ta á. Kò gbé ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kò ta òfo. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó fi bébà tó ta dáadáa jù lọ lé Moráyọ̀ lọ́wọ́. "Mú un dání. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá fún mi ní tìẹ."

Mummy ń dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn búlúù lórí. Ó wo bébà náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. 

"Àwẹ̀ró," ló wí, "ọmọ a-wo-ẹ̀yìn-igi kó tó fa ọrun. Jẹ́ ká lọ jẹun."

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka ìtàn yìí, ọdẹ tí kò bá wo ẹ̀yìn igi, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ta. Ohun tí a kà léèwọ̀ fún ọ kò di mímọ́ nítorí pé o pè é ní àdúrà. Ohun tó jẹ́ eré lọ́wọ́ rẹ lè jẹ́ ikú lójú ẹni tó ń wò ọ́ láti fèrèsé. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe ná, má jẹ́ kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ dípò rẹ. Tètè gbé ọwọ́ sókè, kí o wí pé, "Èmi ni." Ó lè gba ìdíje lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kò ní gba oríkì rẹ.